Bọ́ọ̀lù Kì í Mọ Àna

Ẹ̀yin tí ẹ rí Barnabé lónìí, tí ẹ rò pé ọ̀mọlé lásán ni, ẹ jẹ́ kí n là yín lọ́yẹ̀. Ọkùnrin yẹn ku díẹ̀ báyìí kó di ẹni tí gbogbo Dàhòmì ń pe orúkọ rẹ̀. Ohun tó dí i lọ́wọ́ kò ju pé ó dùbúlẹ̀, tí kò sì tètè dìde lọ. Mo wà níbẹ̀. Kí n má parọ́, mo ṣe ju kí n wà níbẹ̀ lọ.

Désiré ni orúkọ mi. Lọ́dún 1964, èmi àti Barnabé la jọ ń mọ ilé kiri, láti Odomẹ̀ta títí dé Okpomẹ̀ta, ní agbègbè Kétu. Èmi ni mo máa ń tẹ amọ̀ nísàlẹ̀. Màá bù ú ní ìṣù ní ìṣù, màá sì jù ú sókè sí Barnabé tó jókòó lórí ògiri. Á mú un, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó yẹ, á tún tẹ́wọ́. Amọ̀ Kétu kì í ṣe ohun àmúṣeré. Ó pupa, ó wúwo, bó bá ba èèyàn láyà, onítọ̀hún á pe orúkọ ìyá rẹ̀. Ọdún mẹ́rin gbáko, Barnabé kò jẹ́ kí ìṣù kan já bọ́. Mo máa ń mọ̀ọ́mọ̀ jù ú gba ẹ̀gbẹ́, nítorí inú mi kò fi bẹ́ẹ̀ mọ́ nígbà náà, ó sì ń wù mí kí n rí i kó tàsé lẹ́ẹ̀kan. Kò tàsé.

Nígbà tí òmìnira dé, gbogbo ìlú ló fẹ́ ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Kò sí omi, kò sí iná, ọ̀nà Pobè ń gbé ọkọ̀ mì, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ wà, kí ayé lè mọ̀ pé a ti ń ṣe ìjọba ara wa. Wọ́n fi Barnabé ṣe aṣọ́lé. Kò mọ bọ́ọ̀lù gbá, títí di òní kò mọ̀ ọ́n gbá, àmọ́ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti kàn, ó parí. Lọ́dún àkọ́kọ́, bọ́ọ̀lù méjì péré ló gba ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì jẹ́ lọ́jọ́ tí oyin lé gbogbo wa kúrò ní pápá.

Lọ́dún 1964 yẹn kan náà ni Moríta dé. Ará Japan ni, ó bá àwọn tó wá fi ẹ̀rọ gbẹ́ kànga fún wa wá. Lórí òkè Kétu yìí, omi jìn. Bí o bá ju òkúta sínú kànga wa, o lè kí aládùúgbò rẹ, kó dá ọ lóhùn, kí ẹ sì béèrè ara ilé lọ́wọ́ ara yín, kí òkúta tó dún. Ilé tí a ń mọ nígbà náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n gbé ẹ̀rọ sí, ẹ̀rọ ọ̀hún sì máa ń bàjẹ́ lójoojúmọ́, nítorí náà Moríta ní àyè láti dúró máa wò wá. Lọ́jọ́ kan, ó bọ́ bàtà, ó lóṣòó sórí yẹ̀pẹ̀, ó tẹ́wọ́. Faransé tó ń sọ burú ju tèmi lọ, bẹ́ẹ̀ nítorí Faransé ni mo ṣe sá kúrò nílé ìwé. Ó ní kí n ju amọ̀ sí òun.

Mo jù ú tìkà-tìkà. Ó mú un, kò tilẹ̀ dún. Mo ju èkejì sí apá òsì, ó mú un. Ẹ̀kẹta, orúnkún rẹ̀ ni mo fojú sùn, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ ti ń dúró de amọ̀ níbẹ̀ kó tó kúrò lọ́wọ́ mi.

"Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣe iṣẹ́ yìí nílùú wa," ló wí. "Òun ni mo fi ń jẹun."

"Amọ̀ mímú?" mo bi í.

"Bọ́ọ̀lù."

Ó wá ṣàlàyé. Ó ní eré kan wà ní Japan tí wọ́n ń fi bọ́ọ̀lù kékeré ṣe, bọ́ọ̀lù náà sì le bí ọsàn tí kò tíì pọ́n. Ẹnìkan á jù ú, ẹnìkan á di kùmọ̀ mú láti fi lù ú. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó lóṣòó sẹ́yìn ẹni tó di kùmọ̀ mú, kó fi irin bojú, kó fi awọ bọ ọwọ́, kí èyí tí kùmọ̀ bá tàsé má kọjá òun. Òun náà ló máa ń fi ìka júwe fún ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù irú èyí tó yẹ kó jù. Ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti wọ́ bí atalẹ̀ nídìí iṣẹ́ yìí. Bó bá lóṣòó, orúnkún rẹ̀ á dún bí igi gbígbẹ.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìròyìn ti tàn ká Kétu. Inú wa dùn gan-an. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ fún wa pé àwọn ará òkè òkun gbọ́n jù wá lọ, a wá rí èyí tó fi ọdún mẹ́sàn-án lóṣòó sẹ́yìn oníkùmọ̀, tó sì ń gbowó oṣù lé e. "Ṣé kò sí àga nílùú wọn ni?" ni Marguerite alákàrà béèrè. Àwọn ọkùnrin ní bí ẹnikẹ́ni bá ti gbé kùmọ̀ sókè níwájú àwọn, ilé ló kàn. Wọ́n sọ Moríta ní Alóṣòó. Kò bínú. Bí wọ́n bá pè é bẹ́ẹ̀, á dáhùn.

Barnabé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ní ìrọ̀lẹ́, bí a bá ti fọ amọ̀ kúrò lára, á lọ bá ọkùnrin yẹn lẹ́yìn ẹ̀rọ kànga, èmi náà á tẹ̀ lé e nítorí èmi ni ògbufọ̀. Moríta kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dúró, bí wọ́n ṣe ń fi ìka ẹsẹ̀ gbé ara. Ó kọ́ ọ pé kó má wo ojú ẹni tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù. Ojú èèyàn máa ń parọ́, ó ní, bọ́ọ̀lù kì í parọ́.

Lọ́jọ́ kan, mo fi ẹ̀tàn bi Moríta pé kí ló dé tó fi irú iṣẹ́ aládùn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Mo fẹ́ fi rẹ́rìn-ín ni. Ó wo ìka rẹ̀ títí, ó ní ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún òun fi ọdún mẹ́jọ ju òun lọ. Bí wọ́n bá wà nílé, òun ló ń ru ẹrù rẹ̀, òun ló ń tẹ̀ríba fún un, òun kò jẹ́ jẹun kí ẹ̀gbọ́n yẹn tó jẹ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dé pápá, òun ló ń pàṣẹ. Lọ́jọ́ tí wọ́n máa gba ife ọdún, ẹ̀gbọ́n náà wo Moríta lójú, Moríta sì rí i pé irú bọ́ọ̀lù kan ló ń wu ẹ̀gbọ́n yẹn láti jù. Moríta mọ̀ pé kò dára. Ojú tì í láti fi ìka sọ pé rárá fún ẹni tó ju òun lọ.

"Wọ́n lù ú jáde kúrò ní pápá, ife sì bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́," ni Moríta wí. "Wọn kò pè mí mọ́ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Bí bọ́ọ̀lù bá ti kúrò lọ́wọ́ èèyàn, kò sí ẹ̀gbọ́n, kò sí àbúrò."

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Barnabé. Nínú ọkàn mi, mo ní Alóṣòó yìí kò gba ẹ̀kọ́ ilé.

Kò pẹ́ tí lẹ́tà fi dé láti Kútọnu. Wọ́n ń wá aṣọ́lé fún ẹgbẹ́ gbogbo Dàhòmì, wọ́n sì ti gbọ́ nípa ọ̀mọlé Kétu. Mẹ́síè kan, ọ̀gá ńlá láti ibẹ̀, á wá wò ó lọ́jọ́ àjọ̀dún òmìnira, nígbà tí a bá ń bá Pobè gbá. Bó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á gbé e sínú ọkọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Barnabé tí kò rí òkun rí, tí kò rí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ju ẹyọ kan lọ, kò lè jẹun dáadáa mọ́. Ó ní kí n kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ òun, kí òun lè fọwọ́ sí ìwé níwájú àwọn èèyàn ńlá. Mo kọ́ ọ. Ó ń fi igi kọ ọ́ sára gbogbo ògiri tí a bá mọ, kí amọ̀ tó gbẹ.

Kì í ṣe òun nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Philomène, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ń ṣe ìrànlọ́wọ́ nílé ìgbẹ̀bí wa, wọ́n sì ti gbà á sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn agbẹ̀bí ní Kútọnu. Bàbá rẹ̀ ti ní ọmọbìnrin kò ní dá lọ sí Kútọnu láìlọ́kọ. Bí Barnabé bá lọ, Philomène á lọ. Bí Barnabé bá dúró, òun náà á dúró máa gbọn omi fún àwọn tó ń bímọ. Ọ̀rọ̀ ò ní ìdí méjì.

Bàbá Philomène ọ̀hún, ọlọ́pẹ ni ní Odomẹ̀ta, onígbàgbọ́ tó ń jókòó níwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní àbúrò kan tí wọ́n ń pè ní Ọládélé, ọmọ ọdún méjìlélógún, akọ̀wé ní Pobè. Barnabé fi ọdún márùn-ún ju Ọládélé lọ, ṣùgbọ́n àna ni àna ń jẹ́. Ibi yòówù kí wọ́n ti pàdé, ìbáà jẹ́ nínú ọjà, Barnabé á dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ọládélé fẹ́ràn ìdọ̀bálẹ̀ yìí púpọ̀. Mo rò pé nítorí rẹ̀ ló ṣe máa ń wá sí Kétu. Ẹni yìí kan náà ló ń gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n fún Pobè.

Ọjọ́ pé. Ọ̀gá kan láti ọ́fíìsì ìjọba kọ́kọ́ ka ìwé gígùn ní Faransé. Bí ẹni mẹ́ta bá gbọ́ ọ nínú gbogbo wa, òun fúnra rẹ̀ kò sí lára wọn. Mẹ́síè Kútọnu jókòó lábẹ́ ìbòòji, ó wọ jígí dúdú. Moríta lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Èmi dúró sẹ́yìn ilé bọ́ọ̀lù Barnabé. Bàbá Philomène àti gbogbo ẹbí rẹ̀ gba iwájú, wọ́n ti wọ aṣọ ọjọ́ Àìkú.

Eré kò tíì gbóná tí Ọládélé fi já wọlé. Ó gbá bọ́ọ̀lù kan tí ẹlòmíràn á kàn máa wò títí á fi wọlé. Barnabé fò, ó gbá a mọ́ àyà. Pápá hó yè. Mẹ́síè Kútọnu yọ jígí ojú rẹ̀. Ọládélé tún gbá a, Barnabé tún mú un. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó fi ọwọ́ kan ṣoṣo mú un, mo sì rí i pé mẹ́síè náà ń kọ̀wé. Philomène gun àpótí kan, ó ń pariwo orúkọ ọkọ rẹ̀ láìtijú.

Ṣùgbọ́n mo wo ọ̀dọ̀ ẹbí àna, ojú wọn ti le. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ọkùnrin kan ń já nǹkan gbà mọ́ àna rẹ̀ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta lójú gbogbo ìlú, kò sì tilẹ̀ kí i. Nígbà ìsinmi, Bàbá Philomène pè mí.

"Désiré, sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ," ó ní. "Bó bá tún dúró lóòró níwájú àbúrò mi bẹ́ẹ̀ yẹn, kó lọ wá ìyàwó sí Kútọnu tó ń sáré lọ."

Mo jẹ́ iṣẹ́ náà. Barnabé jókòó sílẹ̀. Moríta bi mí pé kí ni mo sọ, mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó dìde, orúnkún rẹ̀ dún, ó di apá Barnabé mú.

"Bọ́ọ̀lù kì í mọ àna," ó ní. "Sọ fún un."

Mo sọ fún un. Barnabé wò mí. "Ìwọ ńkọ́, Désiré? Kí ni kí n ṣe?"

Kí ló dé tí kò gba ti ẹni tó fi ọdún mẹ́sàn-án ṣe é? Ó bi ẹni tó ń tẹ amọ̀ fún un. Orí mi wú. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, èmi á wá ọgbọ́n sí i.

Kò tíì sí ẹni tó gbá a wọlé nígbà tí eré fẹ́ parí. Ni ọ̀kan nínú tiwa bá fi ọwọ́ gbá bọ́ọ̀lù, ọ̀dọ́mọkùnrin náà rò pé kò sẹ́ni tó rí òun. Wọ́n fọn fèrè: penalití. Ọládélé gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀ níwájú Barnabé, ó sì dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó nà gbọọrọ. Gbogbo ẹbí àna dìde dúró. Barnabé kò yíjú, àmọ́ mo gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Désiré, kíákíá."

Ọgbọ́n mi dé. Mo ní, "Dọ̀bálẹ̀ fún un nísinsìnyí, kó tó gbá a. Bí o bá ti kí i tán, dìde, kí o mú bọ́ọ̀lù rẹ. Kò sẹ́ni tó máa lè bá ọ wí."

Ẹ sọ òótọ́, ṣé kò dára létí? Bí ìmọ̀ràn àgbà ló rí. Ohun kan péré ni mo gbàgbé, ohun tí ọmọ ọdún mẹ́ta ní Kétu mọ̀. Ẹni tó dọ̀bálẹ̀ fún àna kì í dá ara rẹ̀ dìde. Àna ló máa ní kó dìde.

Barnabé dọ̀bálẹ̀. Àyà rẹ̀ kan ilẹ̀ láàárín òpó méjì. "Ẹ kú iṣẹ́, àna mi," ó wí. Fèrè dún. Ọládélé kò dáhùn. Ó wo Barnabé nílẹ̀, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láàárín èrò, ó tún aṣọ ara rẹ̀ ṣe. Ó rìn wá, kò sáré. Ó fi ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ ti bọ́ọ̀lù náà bí ẹni ti ilẹ̀kùn. Bọ́ọ̀lù yí lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí Barnabé. Ọwọ́ rẹ̀ wà nílẹ̀ nítòsí bọ́ọ̀lù. Ó lè nà án, kó sì mú un. Kò nà án. Bọ́ọ̀lù wọlé, ó dúró síbi ẹsẹ̀ mi.

"Dìde, àna wa," ni Ọládélé wí. "Wàá dàgbà."

Ẹ ò rí ariwo! Ẹbí àna ń jó. Ìdajì Kétu ń jó pẹ̀lú wọn, Kétu tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nà. Ọ̀gá ìjọba ní bí Pobè tiẹ̀ gba eré, Kétu ló ni ìwà. Mẹ́síè Kútọnu wá bá mi, ó béèrè bóyá ara aṣọ́lé wa kò yá. Mo ní, "Àna rẹ̀ ni." Ó pa ìwé rẹ̀ dé. Lẹ́yìn náà ló lọ bọ Ọládélé lọ́wọ́. Ó ní ẹni tó lè fi ojú lásán dá aṣọ́lé dùbúlẹ̀, irú rẹ̀ gan-an ni Dàhòmì ń wá. Ó gbé e sínú ọkọ̀ lójú wa. Moríta rìn lọ bá Barnabé, ó tẹ̀ríba fún un títí orí rẹ̀ fi sún mọ́ orúnkún, ó sì padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Philomène ránṣẹ́ pe èmi àti Barnabé. Ẹmu ti wà nílẹ̀. Ó ní àwọn kò ní dúró de oṣù tó ń bọ̀ mọ́, ìdána á wáyé lọ́jọ́ Sátidé. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti bí òun, òun kò rí ọkọ ọmọ tó mọyì àna tó báyìí. Barnabé ń dúpẹ́. Ni Philomène bá ti yàrá jáde, àpótí lórí.

"Bàbá, mò ń lọ sí Kútọnu."

"Pẹ̀lú ta ni?"

"Pẹ̀lú àpótí mi."

"Ọkọ rẹ ńkọ́?"

"Ẹ̀yin ló dọ̀bálẹ̀ fún, Bàbá, ẹ̀yin àti Bàbá kékeré. Ẹ̀yin méjèèjì ni kí ẹ fẹ́ ẹ."

Philomène kọjú sí Barnabé. Kò pariwo. Ì bá dára kó pariwo.

"Ṣé ẹ rí bọ́ọ̀lù yẹn nígbà tó ń kọjá?"

"Mo rí i."

"Ṣé ọwọ́ yín lè tó o?"

"Ó lè tó o."

"Ta ló wá ní kí ẹ dùbúlẹ̀?"

Barnabé gbójú sókè, ó wò mí.

"Kò sẹ́ni tó ní kí n ṣe é," ó wí. "Èmi fúnra mi ni."

Philomène dúró. Èmi ló ń wò báyìí, bí ẹni tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kù. Mo lè sọ ọ́ nígbà náà. Èmi ni ògbufọ̀, ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ mi. Ojú ń tì mí, ẹnu mi kò là. Ó tún àpótí orí rẹ̀ gbé, ó jáde lọ síbi tí ọkọ̀ wà. Barnabé kò sáré tẹ̀ lé e. Ó ń dúró kí ẹnìkan ní kó lọ.

Bàbá náà bu ẹmu, ó nà án sí mi. Mo gbà á, mo mu ún tán, mo ní ó dùn.